Aràn ẹ̀dọ̀ lára àgùntàn tí ò kúrò nílé: bí ẹ ṣe máa dá a dúró

"Àgùntàn mi ò jẹ̀ kiri, inú ọgbà ló ń gbé, koríko la ń gé wá fún un, báwo ni aràn ẹ̀dọ̀ ṣe máa dé ara ẹ̀?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwa tí à ń sin àgùntàn nílé n'Ílọrin níbí, pàápàá ẹni tó ti ra àgbò sílẹ̀ de Iléyá tó wá rí i pé ẹran ń jẹun dáadáa àmọ́ kò sanra, eegun ìhà ń hàn. Ìdáhùn wà nínú ìbéèrè yẹn fúnra ẹ̀: koríko lẹ ń gé wá. Àgùntàn ò jáde lóòótọ́ o, àmọ́ koríko ń wọlé lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n ti gé e ni wàhálà ti ń tẹ̀lé e bọ̀. Tẹ́ ẹ bá mójú tó koríko, tẹ́ ẹ sì mọ oògùn tó yẹ àkókò, ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé e ká.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rìn

Ẹ má fo ibí yìí jọ̀ọ́, torí gbogbo ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe nísàlẹ̀, orí eléyìí ló dúró lé.

Aràn ẹ̀dọ̀ ti ilẹ̀ wa, Fasciola gigantica lorúkọ tí àwọn dókítà ẹran ń pè é. Èyí tó wà nílẹ̀ olótùútù bíi ìlú Ọba ni Fasciola hepatica, ìyẹn kéré sí tiwa. Tiwa lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7, ó pẹlẹbẹ bí ewé, inú àwọn ihò tí òróǹro ń gbà kọjá nínú ẹ̀dọ̀ ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń yé ẹyin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́, ẹyin á bá òróǹro ṣàn wọ ìfun, á bá ìgbẹ́ jáde. Tí ìgbẹ́ yẹn bá wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹyin á gbẹ, á kú, ó tán. Àmọ́ tó bá bọ́ sínú omi, láàárín bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 tí ooru bá mú, ẹyin á là, ọmọ tó jáde níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgbín kan kiri inú omi. Kì í ṣe ìgbín tí à ń sè jẹ o, kì í sì í ṣe ìṣáwùrú, ìgbín omi kékeré kan ni tí èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, Radix natalensis ni tilẹ̀ wa. Tí kò bá rí ìgbín yìí láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó kú nìyẹn. Tó bá rí i, inú ìgbín yẹn ló ti máa di púpọ̀, bí oṣù kan sí méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á tú síta, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ lọ lẹ̀ mọ́ ìdí koríko tó wà nínú omi tàbí létí omi, wọ́n á fi èèpo le-le bo ara wọn, wọ́n á wá dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa gé koríko.

Ẹ ò lè fi ojú lásán rí wọn lára koríko. Fífọ̀ koríko lómi náà ò tó, ó lẹ̀ gidi.

Tí àgùntàn bá ti jẹ ẹ́, àwọn ọmọ aràn yẹn á dá ìfun lu, wọ́n á wọ inú ẹ̀dọ̀, wọ́n á máa gbẹ́ ẹran ẹ̀dọ̀ kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó dé inú ihò òróǹro kí wọ́n sì dàgbà. Fún tiwa yìí, ó máa ń tó oṣù 3 sí 4 láti ọjọ́ tí ẹran ti jẹ ẹ́ kí ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìgbẹ́. Ẹ fi oṣù 3 sí 4 yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn ń ṣì mú. Àgùntàn tó ní aràn ẹ̀dọ̀ kì í kó o ran èyí tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹyin tó jáde nínú ìgbẹ́ ẹ̀ ò lè ṣe àgùntàn kejì ní nǹkan kan, kódà kó jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, àfi tó bá kọ́kọ́ gba inú ìgbín kọjá. Nítorí náà kò sídìí láti máa lé ẹran kan síta nínú òjò pé ó ń kó àrùn ran àwọn tó kù. Tó bá wá jẹ́ pé mẹ́ta mẹ́rin ló ṣe lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọgbà kan, ohun tí gbogbo wọn jọ jẹ ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Koríko, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń fún àgùntàn jẹ nílé ò ní ìjà kankan pẹ̀lú aràn ẹ̀dọ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ, èèpo iṣu, èèrí, dúsà, èèpo ẹ̀wà, ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, kò séyìí tó hù nínú omi nínú wọn. Ewé igi náà bẹ́ẹ̀, ewé òdán, àgúnmánìyẹ̀, ewé ìyeyè, ìgbín omi ò gun igi. Koríko tútù tó ti àkùrọ̀ wá gan-an lọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀.

Ibi tó wá dùn mí jù nìyí, torí àwọn èèyàn rò pé ìgbà òjò ni aràn ẹ̀dọ̀ máa ń ṣọṣẹ́ jù. Nígbà òjò, koríko wà níbi gbogbo, ẹ̀yìn ilé, ẹ̀bá títì, pápá iléèwé, ẹni tó ń gé koríko fún yín kì í ní ìdí láti lọ jìnnà. Àmọ́ tó bá ti di oṣù 11, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí gbogbo koríko orí òkè ti pọ́n, tí wọ́n ti fi iná sun àwọn kan, níbo lẹ rò pé ó ti ń rí koríko tútù yọ̀yọ̀ tó ń kó wá yẹn? Etí odò ni! Etí odò Àsà, etí Ọ̀yun, àwọn àkùrọ̀ kéékèèké tó wà lọ́nà Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ibi tí omi ti fà sẹ́yìn tó fi ẹrọ̀fọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ìgbín ti kóra jọ sí torí omi ti dín kù. Koríko tó tutù jù lọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí jù. Inú wa máa ń dùn tá a bá rí i ni, a tún máa ń fowó kún un.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ bi ẹni tó ń kó koríko wá pé níbo ló ti gé e, ẹ má sì bi í bí ẹni ń ṣe ìwádìí ọlọ́pàá, á purọ́ fún yín. Ẹ yẹ ìdí koríko wò fúnra yín: tí ìdí ẹ̀ bá funfun tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tí ẹrọ̀fọ̀ dúdú lẹ̀ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá rí èèpo ìgbín kékeré tàbí àwọn ewéko inú omi tó dà pọ̀ mọ́ ọn, inú omi ni wọ́n ti fa á yọ. Tó bá ṣeé ṣe ẹ ní kó yé gé níbẹ̀. Tí kò bá sí koríko mìíràn, ẹ ní kó máa gé e lókè, kó fi bí ìdá mẹ́ta kan sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí ìdí koríko tó kan omi ni àwọn nǹkan yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ jù, orí ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní.

Èyí tó ti dé ọwọ́ yín ńkọ́? Ẹ sá a. Oòrùn Ìlọrin lóṣù kejì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ́ koríko fẹ́ẹ́rẹ́ sórí páànù tàbí sórí sìmẹ́ńtì, ẹ má kó o jọ gègèrè, ẹ máa yí i, ó kéré tán ọjọ́ 3 gbáko nínú oòrùn tó mú. Aràn tó wà lára ẹ̀ ò lè gba gbígbẹ, omi ló fi ń wà láàyè. Àmọ́ koríko tó gbẹ lókè tí inú ẹ̀ ṣì tutù tẹ́ ẹ wá dì tẹ́ ẹ kó sí kọ̀rọ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, nínú ọ̀rinrin báyẹn ó lè wà láàyè fún oṣù méjì mẹ́ta. Ìlànà kan náà ni fún pòròpórò ìrẹsì tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà Pàtígì, ìrẹsì inú omi ló ti wá, ẹ gé ìdí ẹ̀ dànù tàbí kẹ́ ẹ sá a dáadáa.

Omi mímu, kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ má pọn omi odò wálé. Ẹ máa fọ ọpọ́n omi, ẹ má jẹ́ kí omi máa dà sílẹ̀ kó di ẹrọ̀fọ̀ tí koríko ń hù yí i ká, torí ibẹ̀ náà lè di àkùrọ̀ kékeré.

Àwọn kan máa ń sọ pé kẹ́ ẹ da copper sulphate sómi kó pa ìgbín. Ó ń pa ìgbín lóòótọ́, àmọ́ nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn, àgùntàn ni kò gba copper rárá, díẹ̀ díẹ̀ ló máa ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀ títí á fi pa á lọ́jọ́ kan. Ẹ fi sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ ìgbín, ẹ sin ìyẹn tó bá wù yín.

Ẹran tuntun

Àwọn irú àgùntàn bíi Balami, Uda, Yankasa tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya, kí ọkọ̀ tó já a sílẹ̀ ní Ìpàtà tàbí ní ọjà Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá darandaran rìn, wọ́n ti mu omi oríṣiríṣi odò. Nítorí náà ẹran yòówù kẹ́ ẹ rà, ẹ gbà pé ó ní in títí ẹ ó fi rí i pé kò ní. Ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kì í ṣe nítorí aràn ẹ̀dọ̀ nìkan o, torí ikọ́, èkúkú, àti àrùn tó ń jẹ́ PPR, ìyẹn ló ń ran ẹran ẹlẹ́gbẹ́. Láàárín ìgbà yẹn ẹ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ ẹ̀, ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ lórí oògùn. Ti àgùntàn ìbílẹ̀ wa kúkúrú yìí náà ò yàtọ̀, pàápàá èyí tẹ́ ẹ rà lábúlé tó ń jẹ̀ létí odò.

Kí lẹ máa rí lára ẹ̀?

Ojú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lówùúrọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa, ẹ mú orí àgùntàn dání, ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Ó yẹ kó pupa. Tó bá ti ń funfun bí ìwé, ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹran yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ wo abẹ́ àgbọ̀n, láàárín egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì: tó bá wú tó rọ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, tó bá jin síbẹ̀ tí kò tètè padà, omi ló kóra jọ síbẹ̀. Nígbà míì á wú lálẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀ á ti rọ̀, kí ẹni tó ń wo ẹran lálẹ́ máa sọ ohun tó rí fún ẹni tó ń wò ó lówùúrọ̀. Ẹran á máa rù, ẹ̀yìn ẹ̀ á máa hàn, irun ẹ̀ á ṣá, abo tó bímọ ò ní lómi ọyàn dáadáa. Ìgbẹ́ gbuuru kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀, èyí máa ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n á ní tó bá jẹ́ aràn ni ìgbẹ́ ẹ̀ ì bá ti yí padà.

Èyí tó ń yára pani tún wà. Tí ẹran bá jẹ àwọn ọmọ aràn yìí rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fa ẹ̀dọ̀ ya kí wọ́n tó dàgbà rárá, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú, àgùntàn tó ṣì sanra lè dùbúlẹ̀ lálẹ́ kó má jí láàárọ̀. Tí kò bá tíì kú, á máa mí kíákíá, kò ní fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ìhà ọ̀tún ẹ̀. Àwọn alájọgbé á ní ejò ló bù ú jẹ tàbí kí wọ́n máa wo ojú aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí dókítà là á kí wọ́n tó sin ín.

Àmọ́ ẹ má sáré dájọ́ o. Abẹ́ àgbọ̀n tó wú àti ojú tó funfun, aràn kékeré kan tó ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn, Haemonchus, máa ń fà á pẹ̀lú, òun ló tilẹ̀ wọ́pọ̀ jù. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri náà ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn. Oògùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dọ́gba, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àyẹ̀wò dín owó kù ju kẹ́ ẹ máa ra oògùn kiri lọ.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́

Ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́, ẹ mú ìgbẹ́ tútù látinú ìdí ẹran gan-an tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣu, kì í ṣe tàná tó ti gbẹ. Bí ẹ̀kúnwọ́ ìka mẹ́ta tó fún ẹran kan. Ẹ di ọ̀rá náà kí afẹ́fẹ́ má sí nínú ẹ̀, ẹ kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹran sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù, kó dé ibi àyẹ̀wò lọ́jọ́ yẹn. Ní Yunifásítì Ìlọrin, wọ́n ní ilé ìwòsàn ẹranko tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lè gbé e lọ síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ bá dókítà ẹran ìjọba tó sún mọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín pé aràn ẹ̀dọ̀ lẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Ìdí ni pé àyẹ̀wò tí wọ́n sábà máa ń ṣe, wọ́n á da omi iyọ̀ sí ìgbẹ́ kí ẹyin aràn léfòó. Ẹyin aràn ẹ̀dọ̀ wúwo, kì í léfòó, ńṣe ló máa ń rì, torí náà ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹ́ kó rì sílẹ̀ kí wọ́n tó wò ó ló máa gbé e jáde. Tí wọ́n bá fi èyí àkọ́kọ́ wò ó tí wọ́n ní kò sí, kò túmọ̀ sí pé kò sí. Àwọ̀ ẹyin aràn ẹ̀dọ̀ yẹ́lò, ti aràn inú àpòlúkù tó jọ ọ́ kò ní àwọ̀, ẹni tó bá mọṣẹ́ á mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ẹ rántí oṣù 3 sí 4 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ẹran tó jẹ ẹ́ lóṣù tó kọjá ò tíì lè ní ẹyin nínú ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti ń jìyà.

Oògùn: orúkọ tó wà lára ìgò ni kẹ́ ẹ kà

Ivermectin ò pa aràn ẹ̀dọ̀. Levamisole ò pa á. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyẹn, abẹ́rẹ́ ivermectin ni gbogbo èèyàn ń gún ẹran káàkiri, tí ẹran ò bá wá yá wọ́n á ní oògùn yẹn jẹ́ ayédèrú. Ó lè má jẹ́ ayédèrú, ó ń pa eégbọn àti aràn mìíràn, iṣẹ́ aràn ẹ̀dọ̀ ni kì í ṣe tiẹ̀.

Àwọn tó ń pa á, ẹ jẹ́ ká tò wọ́n bí wọ́n ṣe lágbára sí:

Albendazole ló wọ́pọ̀ jù tówó ẹ̀ ò sì pọ̀, àmọ́ èyí tó ti dàgbà tó ti wà nínú ihò òróǹro nìkan ló ń pa. Oxyclozanide náà bẹ́ẹ̀. Closantel, nitroxynil àti rafoxanide máa ń pa àgbà àti èyí tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lára ẹran. Triclabendazole nìkan ló ń pa ọmọ wọn kéékèèké láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé àgbà, ìyẹn ló fi jẹ́ òun làwọn dókítà máa ń lò fún èyí tó ń yára pani. Àmọ́ òun náà ti ń rí àtakò, láti ọdún 1995 ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ aràn tí kò kú fún un mọ́ ní Ọsirélíà, nítorí náà ẹ má máa lò ó bí ẹni ń jẹ pàrásítámọ́ọ̀lù.

Ó wá dọwọ́ ìṣirò. Ọjọ́ tí ẹ dá koríko àkùrọ̀ dúró pátápátá ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí tuntun tó ń wọlé mọ́, àwọn tó wà nínú ń dàgbà ni. Tó bá jẹ́ triclabendazole lẹ rí, ẹ lè lò ó lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2. Tó bá jẹ́ closantel tàbí nitroxynil, ẹ dúró di bí ọ̀sẹ̀ 8. Tó bá jẹ́ albendazole nìkan lẹ ní, tẹ́ ẹ lò ó lọ́sẹ̀ kejì, àgbà nìkan lẹ pa, àwọn ọmọ á dàgbà lẹ́yìn yín, ẹ gbọ́dọ̀ tún un lò lẹ́yìn bí oṣù 4. Ẹran tó ti ń ṣàìsàn kò ní dúró de ìṣirò o, ìyẹn ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tẹ́ ẹ ṣì ń fún wọn ní koríko yẹn, ìṣirò kankan ò sí níbẹ̀, owó lẹ ń dà sómi.

Ìwọ̀n. Ẹ wọn ẹran, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Tó bá kéré, ẹ gbé e gun òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn èèyàn, ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Tó bá tóbi, ẹ mú tépù télọ̀, ẹ wọn àyà ẹ̀ yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn ẹ̀ láti èjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ṣe àyà lọ́nà àyà, ẹ ṣe èyí tẹ́ ẹ bá rí lọ́nà gígùn, ẹ pín in sí 10,800. Àgùntàn tí àyà ẹ̀ jẹ́ 70 tí gígùn ẹ̀ jẹ́ 60: 70 lọ́nà 70 lọ́nà 60 jẹ́ 294,000, ẹ pín in, bíi kílò 27 nìyẹn. Fóònù yín á ṣe é.

Ìwọ̀n albendazole fún aràn ẹ̀dọ̀ lára àgùntàn ni mílígíráàmù 7.5 fún kílò kan, ó ju ti aràn ikùn lọ. Àgùntàn kílò 30 á gba mílígíráàmù 225. Ibi tí ewu wà nìyí: olómi 2.5% wà lọ́jà, 10% náà wà, ìgò wọn lè jọra. Ti 2.5%, ó ní mílígíráàmù 25 nínú mílílítà kan, ẹran yẹn á mu mílílítà 9. Ti 10%, mílílítà 2.25 péré. Ẹni tó bá fún un ní 9 nínú ti 10% ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Bólọ́ọ̀sì, ìyẹn oògùn oníhóró ńlá ti màlúù, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé sí wẹ́wẹ́ fún àgùntàn, èmi ò fara mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó ń gé e dọ́gba. Closantel tó bá pọ̀ jù máa ń fọ́ ojú àgùntàn, ojú yẹn kì í là mọ́. Albendazole, ẹ má fún abo lásìkò tó ń gùn àti oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, ó lè ba ọmọ inú jẹ́.

Fífún un: ẹ tì í sí igun ògiri, ẹ fi ẹsẹ̀ yín méjèèjì há a sáàárín kó má lè sá, ẹ fọwọ́ òsì gbé àgbọ̀n ẹ̀ kó kàn tẹ́jú, ẹ má gbé e sókè bí ẹni ń wo ọkọ̀ òfúrufú, torí oògùn á ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ti ẹnu sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọlé, níbi tí eyín ò sí, dé ẹ̀yìn ahọ́n, ẹ tì í díẹ̀díẹ̀. Tó bá wúkọ́, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó sọrí sílẹ̀. Ẹ fi ẹfun tàbí ọ̀dà sàmì sí èyí tó ti mu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ẹ gbé ìgbẹ́ padà lọ fún àyẹ̀wò. Tí ẹyin bá ṣì wà rẹpẹtẹ, ẹ yí irú oògùn padà, ẹ má kàn fi kún un. Láàárín àsìkò yẹn ẹ fún wọn ní èérún ẹ̀pà tàbí èérún èkùrọ́ tí wọ́n ń pè ní PKC díẹ̀, ẹ gbé iyọ̀ tí wọ́n máa lá síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ tó ti ya kì í san lọ́jọ́ kan.

Ìgbẹ́ tẹ́ ẹ ń kó jáde

Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń wá ra ìgbẹ́ àgùntàn, ó dáa, owó ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ tútù ni wọ́n kó lọ, ẹyin aràn bá a lọ sí etí omi, ìgbín wà níbẹ̀, koríko wà níbẹ̀, ọmọ tó ń gé koríko fún yín náà á dé ibẹ̀. Ẹ kó o jọ gègèrè sí ààtàn, ẹ fi ọ̀rá tàbí tapólì bò ó, ẹ dà á po lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ bí oṣù 2, ooru inú ẹ̀ á pa ẹyin. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, tó bá gbóná tó fi ní kẹ́ ẹ yọwọ́ kíá, ó ń ṣiṣẹ́.

Iléyá

Àgbò tẹ́ ẹ fẹ́ pa lọ́dún, ẹ ka ẹ̀yìn lọ sí iwájú. Gbogbo oògùn yìí ló ní iye ọjọ́ tí ẹran gbọ́dọ̀ lò kí èèyàn tó jẹ ẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò. Ti albendazole kì í pọ̀, ti closantel àti triclabendazole lè ju oṣù kan lọ dáadáa, ó lè tó méjì. Tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ wá rí i pé àgbò ní aràn ẹ̀dọ̀, ẹ bi dókítà, ó lè jẹ́ pé kẹ́ ẹ ra òmíràn ló máa kù.

Lọ́jọ́ pípa, ẹ má jẹ́ kí alápatà ju ẹ̀dọ̀ sínú abọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ní kó tẹ́ ẹ sórí pákó, kó fi ọ̀bẹ mímú là á ní ìbú, kó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tó là. Tí ihò òróǹro bá ti nípọn tó funfun, tí nǹkan pẹlẹbẹ ràkọ̀ràkọ̀ bá yọ́ jáde níbẹ̀, aràn ẹ̀dọ̀ àgbà nìyẹn, ó lè ti wà lára àgbò yẹn látibi tó ti wá. Ẹ jù ú nù. Èèyàn kì í kó aràn yìí látinú ẹ̀dọ̀ tó jinná, ewéko inú omi tí èèyàn bá jẹ ní tútù ni wọ́n fi ń kó o, àmọ́ ta ló fẹ́ jẹ ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ihò òróǹro mọ́, àmọ́ ẹ rí ipa ẹ̀jẹ̀ tó rí wọ́gọwọ̀gọ nínú ẹran ẹ̀dọ̀, tí àwọn aràn kéékèèké bí èékánná ọmọdé wà níbẹ̀, ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàárín oṣù díẹ̀ yìí. Tí àgbò yẹn bá ti wà lọ́dọ̀ yín ju ìyẹn lọ, inú ọgbà yín ló ti jẹ ẹ́. Ẹ fi fóònù yà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà yín, ẹ dá koríko yẹn dúró lọ́jọ́ ọdún náà, kẹ́ ẹ tó sun ẹran, ẹ kọ déètì sára ògiri ilé àgùntàn, ibẹ̀ lẹ máa ti ka ọ̀sẹ̀ fún àwọn tó kù.